Kí Yàrá Iwájú Tó Di Ṣọ́ọ̀bù: Bí A Ṣe Ń Gba Ìyọ̀ǹda Ìyípadà Ìlò Ilé ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ìwé tí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ní lọ́wọ́ kì í ṣe ìwé tó ń dáàbò bo ògiri wọn. Rìsíìtì ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, ìwé orúkọ okòwò láti ọ̀dọ̀ CAC wà nínú férémù lára ògiri, síbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn Town Planning, ìyẹn òṣìṣẹ́ ètò ìlú, bá gbé ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kọ "Stop Work" sára ilé dé, méjèèjì kò ní lè dá wọn dúró. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ta ló ni okòwò? CAC ló ń dáhùn ìyẹn. Kí lẹ ń tà, ṣé ẹ sì ti san owó ṣọ́ọ̀bù? Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ìyẹn. Ṣé ilé tí wọ́n kọ́ fún gbígbé lè di ibi òwò? Ọ́fíìsì ètò ìlú ló lè dáhùn èyí, òun náà la ó sì máa bá lọ níbí.

Ẹ lè má tíì fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kankan kí ẹ ti rú òfin. Òfin ètò ìlú àti agbègbè tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992, ìyẹn Dìkíríì 88, kò mọ sórí ilé kíkọ́ nìkan. Ó ka yíyí ìlò ilẹ̀ padà lọ́nà tí àyíká yóò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Ní 2003, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilé yín fi ń kángun sí Òṣogbo, tí kò fi dé Àbújá. Ìdí náà nìyẹn tí ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n tó ń gbé l'Ékòó kò fi ṣeé gbára lé: Èkó ní òfin tirẹ̀ láti 2010, fọ́ọ̀mù ọ̀hún, owó ọ̀hún àti ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í ṣe ti Ọ̀ṣun.

Ìjọba ìbílẹ̀ kò ṣe jìbìtì nígbà tó gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ yín. Àfikún kẹrin nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 fún un lágbára lórí ṣọ́ọ̀bù àti kíóskì, ilé oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ilé ìfọṣọ àti ọtí títà. Ẹ san án, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Kí ẹ ṣáà má fi ṣe ìyọ̀ǹda.

Òwò wo ló nílò ìyọ̀ǹda?

Télọ̀ tó ní ẹ̀rọ kan nínú pálọ̀ ara rẹ̀, tí oníbàárà ń yọjú sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tíì yí ilé padà. Ohun mẹ́rin ló ń yí i: kí ẹ lu ògiri láti ṣí ilẹ̀kùn sí títì, kí òṣìṣẹ́ tí kì í gbé inú ilé máa wá lójoojúmọ́, kí ariwo, èéfín, òórùn tàbí omi ìdọ̀tí máa kọjá ààlà, kí ọkọ̀ àti ọ̀kadà oníbàárà máa dúró síwájú ilé. Lójú tiwa, bí 2 bá ti wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tètè kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ìlú kí wọ́n tó kọ̀wé sí yín. Bí ó bá jẹ́ 1 péré, ẹ lọ béèrè, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀.

Onídìrí, báábà, kẹ́míìsì, ṣọ́ọ̀bù próvíṣọ̀n, búkà, ẹ̀rọ ìlọta, jẹ́lé-ó-sinmi: àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà. Wọ́n máa ń gbà wọ́n láàárín ilé bí ẹ bá lè fi hàn pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yóò ṣì rí oorun sùn, tí yóò sì rí ọ̀nà wọ ilé rẹ̀. Méjì nínú wọn ni àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré. Jẹ́lé-ó-sinmi kò ní ariwo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn òbí yóò kún òpópónà ní aago 7:30 àárọ̀ àti ní ọ̀sán, ní àkókò kan náà tí gbogbo àdúgbò ń jáde tàbí ń wọlé. Búkà ní tirẹ̀ ń mú èéfín igi àti omi olóròóró wá, gọ́tà àdúgbò kò sì ní gbà á ju oṣù díẹ̀ lọ kó tó dí. Ní ti ẹ̀rọ ìlọta, èyí tó ń lo mọ́tò iná mànàmáná máa ń rọrùn láti gbà ju oní-dísù lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná, bóyá wáyà tó wọ ilé yín lè gbé e kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Búlọ́ọ̀kù títẹ̀, wẹ́dà, igi lílà, ilé búrẹ́dì ńlá, píọ̀ wọ́tà: ẹ má fi owó sọ́fè àti owó àwòrán ṣòfò lórí wọn láàárín ilé. Òfin 1992 fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí kó fẹ̀ ẹ́ mú àlàyé kíkún wá lórí ohun tí yóò ṣe sí àyíká. Búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá tún ní NAFDAC láti tẹ́ lọ́rùn. Gáàsì títà ní NMDPRA, àjọ tó ń bójú tó epo àti gáàsì títà, tí òfin epo rọ̀bì 2021 dá sílẹ̀. Kẹ́míìsì gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apòògùn. Kò sí èyí tó lè rọ́pò òmíràn nínú wọn.

Ní àyíká OAU, àti ní Iléṣà nísinsìnyí tí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ibẹ̀ ti di yunifásítì, yàrá tó kọjú sí títì ń mú owó wọlé bíi ṣọ́ọ̀bù ju bó ṣe ń mú un wọlé bíi yàrá lọ. Nítorí náà odidi ìlà ilé lè ti yí padà láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè. "Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é" kì í ṣe àwíjàre. Àmọ́ ó wúlò nínú fáìlì bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò: ẹ ka àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà láàárín mítà 100 sí ilé yín, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ sì wádìí èyí tó ní ìyọ̀ǹda nínú wọn. Mẹ́ta tó ní ìwé wúlò ju ogún tí kò ní lọ. Ogún tí kò ní ìwé lè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba rántí pé ó yẹ kí òun wá sí òpópónà yín.

Ẹ ka ìwé ilẹ̀ yín lákọ̀ọ́kọ́

Bí ẹ bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi ń fúnni ní ilẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fún yín ní ilẹ̀ náà fún. Bí ó bá jẹ́ fún ìgbé, fáìlì 2 ni ẹ ní láti ṣí: ọ̀kan ní ọ̀dọ̀ ètò ìlú, èkejì ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀, nítorí pé lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ 1978 gómìnà ló fi ilẹ̀ náà fún yín pẹ̀lú májẹ̀mú, ẹ kò sì lè dá májẹ̀mú náà yí padà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ti àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbàgbé èkejì, tí ó fi di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ilé gba owó ní báńkì.

Bí ilé bá wà nínú ẹ́sítéètì tàbí ilẹ̀ tí wọ́n pín sí pọ́ọ̀tì pọ́ọ̀tì, ẹ béèrè àwòrán bí wọ́n ṣe pín in. Nígbà mìíràn wọ́n ti ya ẹ̀gbẹ́ títì ńlá sọ́tọ̀ fún òwò láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yín á sì fúyẹ́ gan-an. Nígbà mìíràn àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ra ilẹ̀ sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí òwò rárá. Ìyọ̀ǹda ìjọba kò pa irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ tàbí àwọn onílé yòókù ṣì lè fi pè yín lẹ́jọ́.

Ní Ìrẹmọ, Ìlódè, Ìlárè tàbí Òkèrèwè, ilé ẹbí ló pọ̀. Ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù nínú ilé ẹbí láìsí ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ló ń fa ìjà jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Àwọn tó wà nílé lè gbà, kí ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní Kánò kọ̀wé pé àwọn kò mọ̀ sí i, kí ọ́fíìsì sì dá fáìlì dúró títí ẹbí yóò fi parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Ẹ kọ ìpàdé ẹbí sílẹ̀: ọjọ́, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n gbà, yàrá wo ni, àti ta ni yóò máa gba owó rẹ̀. Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí ó kéré tán ẹnì kan láti ojúlé kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú.

Ohun kan ṣì kù tí kò sí nínú ìwé ilẹ̀: títì. Títì ìjọba àpapọ̀, bí èyí tó ti Ìbàdàn wá gba Ifẹ̀ kọjá lọ sí Iléṣà àti Àkúrẹ́, ní ààyè tirẹ̀ tó jẹ́ mítà 45.72 láti àárín títì sí apá kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ bá gbé síwájú nínú ààyè yẹn, yálà kíóskì tàbí ilé onírin, kò sí ìyọ̀ǹda ètò ìlú tó lè gbà á là nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fẹ títì.

Wíwọ̀n: tépù kí ó tó kan biro

Níbí ni a ti ń ya fáìlì tó máa kọjá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó máa jókòó. Ẹ mú tépù mítà 30 àti ìwé gíráàfù, kí ẹ sì yàwòrán ilé bó ṣe rí gan-an: ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé, ààlà, gọ́tà, kànga, sọ́kàwéè, òpó iná. Ẹ fi fèrèsé àwọn aládùúgbò tó kọjú sí yín sí i. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yọ wọ́n sílẹ̀, fèrèsé wọ̀nyẹn gan-an sì ni òṣìṣẹ́ tó bá wá wo ilé yóò kọ́kọ́ wò.

Ọkọ̀ 1 gba ààyè mítà 2.5 ní fífẹ̀ àti mítà 5 ní gígùn. Pọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 50 sí 100 jẹ́ mítà 15.24 sí 30.48. Bí ilé bá fà sẹ́yìn tó mítà 6, tí géètì àti ọ̀nà ìwọlé sì ti gba tiwọn, ẹ má ka ju ọkọ̀ 3 lọ níwájú. Bí ìwájú ilé kò bá gba ọkọ̀ kankan, ẹ má yà á sínú àwòrán. Ẹ kọ ọ́ ní gbangba pé ẹsẹ̀ ni oníbàárà yín máa ń fi rìn wá, kí ẹ sì sọ ibi tí ọ̀kadà yóò dúró sí láìdí gọ́tà.

Omi. Kànga àti sọ́kàwéè yẹ kí ó fi mítà 30 jìnnà síra. Ẹ wo gígùn pọ́ọ̀tì tí a sọ lókè, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe nínú pọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, kí á má tíì sọ ti kànga aládùúgbò. Nítorí náà, ìbẹ̀rù ẹni tó ní kànga nítòsí onídìrí tó ń da omi rílásà kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Ẹ fi hàn nínú àwòrán ibi tí omi náà ń gbà lọ. Fún búkà, ẹ kọ́ kòtò kékeré tó ń gba òróró dúró sáàárín ibi ìfọbọ́ àti sọ́kàwéè: nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 sí 60, tí páìpù ìjáde rẹ̀ tẹ orí ba sísàlẹ̀ omi. Òróró ń léfòó lókè, omi ìsàlẹ̀ ló ń jáde. Bí ẹ kò bá ń bu òróró yẹn dànù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò kún, yóò sì máa ṣàn bí ẹni pé kò sí kòtò níbẹ̀.

Ariwo. Ìlànà ariwo tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2009 fi 50 dB (désíbẹ̀lì, òṣùwọ̀n ariwo) sílẹ̀ fún ilé gbígbé lọ́sàn-án àti 35 dB lóru. Ibi tí ilé gbígbé àti òwò ti dàpọ̀ díẹ̀ ní 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru. Aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀ ni òru. Ẹ fi áàpù tó ń wọn ariwo sórí fóònù, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé aládùúgbò, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Fóònù kì í péye tó ẹ̀rọ gidi, ṣùgbọ́n yóò sọ fún yín bóyá ẹ súnmọ́ òdiwọ̀n tàbí ẹ ti ré e kọjá pátápátá. Ní gbangba, bí ẹ bá sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, ariwo á fi nǹkan bí 6 dB dín kù. Láàárín ògiri méjì tó kọjú síra, kò ní dín tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìró ń ta padà. Nítorí náà, gbígbé jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró wá sí ìta gbangba máa ń ṣe iṣẹ́ ju ìbora èyíkéyìí lọ, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ èéfín tó ń pani lójú oorun. Ẹni tó bá lè lo sólà pẹ̀lú bátìrì, kí ó kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́tà rẹ̀.

Ògiri àti ilẹ̀ òkè. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, ojú lásán kò lè fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ilé búlọ́ọ̀kù. Ẹ wo bí ògiri ṣe nípọn tó níbi fèrèsé, kí ẹ sì ha igun kan nísàlẹ̀ níbi tó fara sin. Bí amọ̀ bá jáde, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà kankan dá a lù láti fi ilẹ̀kùn onírin mítà 2.4 sí i. Ògiri yẹn ló gbé òrùlé. Bí ẹ bá yọ àárín rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi igi tì í, yóò kọ́kọ́ sán, òjò méjì mẹ́ta lẹ́yìn náà yóò tẹ̀. Kí ẹnjiníà sọ bí líńtẹ́ẹ̀lì yóò ṣe tó àti iye irin tí yóò wà nínú rẹ̀.

Fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìṣirò tó rọrùn wà. Wọ́n ń ṣe ilẹ̀ òkè ilé gbígbé láti gbé nǹkan bí kílógíráàmù 150 lórí mítà kan níbùú lóròó, ìyẹn ẹrù àpò ìrẹsì 3. Ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ nǹkan bí 400, àpò 8. Ẹni tó to àpò sìmẹ́ńtì 10 léra wọn sínú yàrá tó ti jẹ́ yàrá ìsùn tẹ́lẹ̀ ti ré ti ṣọ́ọ̀bù pàápàá kọjá. Ẹ fi ẹrù wúwo sísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àlàyé yín. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ọ́fíìsì mọ̀ pé ẹ ti ronú.

Àwọn aládùúgbò

Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì. Ilé 4 ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn, àti èyí tó kọjú sí yín. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú ẹnì kan tó dàgbà dání bí ẹ bá kéré lọ́jọ́ orí, kí ẹ sì mú àwòrán yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ bíi "a ò ní dà yín láàmú, mà" kò wúlò, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́. Aago ni kí ẹ sọ. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ yóò wà ni kí ẹ sọ. Bí ìyá àgbàlagbà ilé kejì bá ní òun fẹ́ kí ẹ má ṣí ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ẹ gbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sàn kí ẹ pàdánù wákàtí mẹ́ta ju kí ìyá náà di ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn.

Onílé ni kí ó fọwọ́ sí i, kì í ṣe ayálégbé. Bí onílé bá wà ní òkè òkun, kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti orí nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹni tó ń bójú tó ilé rẹ̀ fọwọ́ sí ẹ̀dà tí ẹ tẹ̀ jáde. Lẹ́tà náà kò ní láti gùn:

"Èmi, onílé nọ́ńbà … ní òpópónà …, ti rí àwòrán ilé tí … fẹ́ lò fún ilé ìdìrí. Mo gbọ́ pé wọn yóò máa ṣí láti aago 8 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́, wọn kò ní ṣí ní ọjọ́ Àìkú, jẹnẹrétọ̀ yóò wà ní igun ọ̀tún ẹ̀yìnkùlé, omi kò sì ní wọ gọ́tà àdúgbò. Lórí èyí, n kò ní àtakò."

Ẹ kíyè sí "lórí èyí". Ó dáàbò bo aládùúgbò, òun ló sì ń jẹ́ kí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti fọwọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ẹ má yí ìfọwọ́sí rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù àti ohun tí ẹ ti ṣe nípa rẹ̀, kí ẹ sì fi sínú fáìlì. Ọ́fíìsì lè gba ìwé tí ẹnì kan lòdì sí bí ìdáhùn bá wà. Lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé àdúgbò dára, àmọ́ kò lè dípò ti àwọn mẹ́rin yẹn.

Ohun tó ń wọ inú fáìlì

Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì ètò ìlú tó ń bójú tó agbègbè yín, kí ẹ béèrè iye ẹ̀dà tí wọ́n ń fẹ́ àti iye owó, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọn yóò béèrè nìyí:

– lẹ́tà tó sọ ìlò tó wà nílẹ̀ àti ìlò tí ẹ fẹ́, yàrá wo gan-an, àti iye mítà rẹ̀;
– ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ilé, tàbí ìwé ìpàdé ẹbí;
– ìwé sọ́fè tí sọ́fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ fọwọ́ sí;
– àwòrán ilé bó ṣe wà, àti bó ṣe máa rí, lórí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀;
– àlàyé ẹnjiníà bí ẹ bá máa fọwọ́ kan ògiri tàbí ilẹ̀ òkè;
– àlàyé onímọ̀ ètò ìlú lórí ọkọ̀, omi, ariwo àti ìdọ̀tí;
– ìwé owó orí, fọ́tò ilé, lẹ́tà àwọn aládùúgbò.

Àwòrán gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ẹni tó forúkọ sílẹ̀: ARCON fún ayàwòrán ilé, COREN fún ẹnjiníà, TOPREC fún onímọ̀ ètò ìlú. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lè yà á kí ó dára lójú ju ti ọ̀gá lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá sí òǹtẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ tó san owó iṣẹ́.

Owó ìjọba, inú àpò ìjọba ni. Ẹ má kó o lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bó ti wù kí ó jẹ́ ojúlùmọ̀ tó. Ẹ san án ní báńkì tàbí lọ́nà tí ọ́fíìsì fi hàn yín nínú ìwé, kí ẹ ya ẹ̀dà rìsíìtì kí yíǹkì rẹ̀ tó parẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi fáìlì sílẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Láìsí ẹ̀dà olóòǹtẹ̀ yìí, ẹ kò ní ẹ̀rí pé ẹ béèrè rí.

Nígbà tí wọ́n bá wá wo ilé

Òṣìṣẹ́ kì í pẹ́. Yóò fi àwòrán wé ilé, yóò wo fèrèsé aládùúgbò, gọ́tà, ibi ọkọ̀ àti ibi jẹnẹrétọ̀. Ohun tó ń ba fáìlì jẹ́ jù ni àwòrán tí kò bá ilé mu: wọ́n ya ògiri tó ti wó, tàbí wọ́n gbàgbé yàrá páànù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dé bá yanrìn àti òkúta lẹ́nu ọ̀nà, tí ògiri ti ní ihò, ìbéèrè yín ti di ẹ̀sùn. Ẹkẹta ni kíóskì tó gun orí gọ́tà. Ẹ gbé e kúrò ṣáájú; kò sí àlàyé tó tó o.

Bí lẹ́tà ìyọ̀ǹda bá jáde, ẹ ka àwọn májẹ̀mú rẹ̀ títí dé òpin. Wọ́n lè fún yín ní ilé ìdìrí kí wọ́n má fún yín ní ibi títa ọtí. Wọ́n lè dá aago tí ẹ gbọ́dọ̀ máa ti ṣọ́ọ̀bù. Òfin 1992 fún ìyọ̀ǹda ní ọdún 2. Bí ẹ kò bá bẹ̀rẹ̀ láàárín rẹ̀, ẹ ní láti lọ sọ ọ́ dọ̀tun, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí tiyín. Pátákó ìta ní owó àti ìyọ̀ǹda tirẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí bí ọ̀dà pupa ti wà lára ògiri

Ẹ béèrè ìdí nínú ìwé. "Wọ́n ní kò ṣeé ṣe" kì í ṣe ìdí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀, ẹ dín iye oníbàárà tàbí yàrá kù. Bí ó bá jẹ́ ariwo, ẹ yí ẹ̀rọ padà tàbí kí ẹ gbé e kúrò níbi tó wà. Ìbéèrè kékeré tó dáhùn ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n fi kọ tẹ́lẹ̀ máa ń yára ju ìjà lọ. Bí ẹ bá gbà pé wọ́n ṣì yín ṣe, ọ̀nà àfilọ̀ wà, ọjọ́ inú lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ka àkókò rẹ̀. Ẹ má fi sínú dúrọ́ọ̀ títí oṣù yóò fi parí.

Ẹni tí wọ́n ti kọ "Stop Work" sí ilé rẹ̀ lára, kí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà, kí ó má sì fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Pípa á rẹ́ ń sọ àìmọ̀ di àfojúdi, owó ìtanràn á sì yàtọ̀. Kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó mú ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n já fún un lọ sí ọ́fíìsì, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ láti sọ ohun tó ti wà nílẹ̀ di olófin. Ìwé kan náà ni wọn yóò béèrè, àfi pé owó rẹ̀ ga jù, àti pé àlàyé ẹnjiníà lórí ògiri tí wọ́n ti lù kò ṣeé yẹ̀ mọ́.

Ní ti ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù háyà nínú ilé ẹlòmíràn: onílé ni ó yẹ kí ó béèrè ìyọ̀ǹda, ayálégbé ni yóò pàdánù ọjà bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa. Kí ẹ tó san owó ọdún 2, ẹ ní kí ó fi ìwé hàn yín. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun ni yóò gbà á, ọjọ́ wo ni yóò gbà á dà, àti pé bí ìjọba bá ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí àìsí rẹ̀, yóò dá owó oṣù tó kù padà. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín.